Ẹni Tó Gba Bọ́ọ̀lù Tó Tún Ń Sọ Ọ́: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí

Ní ilé wa ní Òmù-Àrán, bọ́ọ̀lù ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi, tó fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ torí rẹ̀. Ìjà yẹn ló jẹ́ kí n wá ìtàn Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí lọ.

Ọdún 1952 ni wọ́n bí i, Jọ́ọ̀sì ló sì ti dàgbà. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pọlitẹ́kíníìkì Ìbàdàn, ó sì ń gba bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars. Ní 1976, ẹgbẹ́ náà na Tonnerre ti Yaoundé ní 4 sí 1 ní Ìbàdàn. Wọ́n pàdánù 1 sí òdo ní Kamẹrúùnù, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n gba ife. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan ò tíì gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn.

Ernest Okonkwo, tó ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ló sọ ọ́ ní "Mathematical". Ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ orúkọ sọ o! Òun náà ló pe Adokie Amiesimaka, tó kọ́ ìmọ̀ òfin, ní "Chief Justice".

Bàbá wa àgbà ò gbàgbé ọjọ́ 22 oṣù kẹta, 1980. Rédíò kan ni gbogbo agboolé yí ká. Ìṣẹ́jú kejì pere, Ọdẹ́gbàmí ti jẹ góòlù. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó ti fi ìkejì kún un. Muda Lawal jẹ ìkẹta, Àlìjíríà ò sì rí ẹyọ kan jẹ. Bàbá àgbà ní àwọn ò fojú rí i, ẹni tó ń sọ ọ́ ló jẹ́ ojú fún àwọn.

Ní 1984, Zamalek ti Íjíbítì borí Shooting Stars ní àṣekágbá. Ọdẹ́gbàmí fẹ̀yìn tì lẹ́yìn rẹ̀, ní ẹni ọdún 32. Kí ni ẹni ọdún 32 máa jẹ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ní ó tó? Ó mú bírò, ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn. Ó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwé tó kà ti wúlò jù. Nígbà tó yá, ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Wásinmi, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwé àti eré ìdárayá pọ̀.

Mo ka ìtàn yìí fún wọn nílé. Inú bàbá mi dùn, wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́ bí?" Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Bàbá, ẹ ò gbọ́ pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó ń kàwé ni?"

Bàbá mi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé bàtà bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti fi pamọ́ látọjọ́ yìí jáde, wọ́n sì ní kó mú fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀ wá kí àwọn rí i.