Kásẹ́ẹ̀tì Àṣàjọ: Ìtàn Orin Tí Àwọn Olólùfẹ́ Rọ́ọ̀kì àti Pọ́ọ̀pù Ń Ṣà Jọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé, ẹni tó fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì àti pọ́ọ̀pù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ lórí bí orin ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, nítorí pé iléeṣẹ́ tó ṣe àwo ló ń pinnu èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò gbẹ̀yìn, rédíò pẹ̀lú sì ń gbé èyí tó wù ú sáfẹ́fẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì àṣàjọ, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa orin sí láti inú oríṣiríṣi àwo, ló gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ wọn. Lou Ottens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Philips ló ṣe kásẹ́ẹ̀tì náà ní ìlú Hasselt ní ilẹ̀ Belgium, wọ́n sì fi han aráyé níbi ìpàtẹ rédíò ìlú Berlin ní ọdún 1963. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn pé wọn yóò máa fi gbà sílẹ̀, nítorí pé tépù inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju mìlímítà 4 lọ ní fífẹ̀, ariwo ṣìììì sì máa ń bo orin mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Ìgbà tí ọgbọ́n tí Ray Dolby dá láti dín ariwo yìí kù wọ inú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí tépù tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sì jáde, ni orin tó ní láárí tó lè gbé orí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Orin ìṣẹ́jú 4 yóò gba ìṣẹ́jú 4 gbáko kí ó tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ṣe é yóò sì jókòó tì í títí yóò fi parí. Níwọ̀n bí ìbẹ̀rẹ̀ tépù kò ti lè gba ohùn, yóò kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù tàbí báírò yí ihò kásẹ́ẹ̀tì títí apá tó lè gba ohùn yóò fi yọ. Lẹ́yìn náà, yóò tẹ bọ́tìnnì ìdádúró mọ́lẹ̀, yóò gbé abẹ́rẹ́ lé orí àwo, yóò sì tú bọ́tìnnì náà sílẹ̀ gẹ́lẹ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ orin ti gé nìyẹn. Nígbà náà, àwọn tí kò lówó àwo máa ń dúró ti rédíò BBC ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n bá ń ka orin tó tà jù lọ lọ́sẹ̀, tàbí kí wọ́n ṣọ́ ètò alẹ́ John Peel, ẹni tó ń gbé orin àwọn ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ wọn jáde.

Ibi tí ọgbọ́n ti pọ̀ jù lọ ni ìparí ojú kọ̀ọ̀kan. C60 àti C90 ni kásẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀, nọ́ńbà náà sì ń tọ́ka sí iye ìṣẹ́jú tí ojú méjèèjì gbà lápapọ̀. Orin “Stairway to Heaven” ti ẹgbẹ́ Led Zeppelin, tó tó ìṣẹ́jú 8, lè jẹ ju ìdá mẹ́rin ojú kan C60 lọ, nígbà tó jẹ́ pé orin 14 ni ẹgbẹ́ Ramones ti Amẹ́ríkà kó sínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1976 láìpé ìṣẹ́jú 30, irú orin kúkúrú bẹ́ẹ̀ ló sì wúlò láti dí àlàfo ìṣẹ́jú 2 tó bá ṣẹ́ kù, kí tépù má baà tán mọ́ olórin lẹ́nu. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọn a ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e lórí, wọn a sì fi ọwọ́ kọ orúkọ orin sórí páálí inú ike rẹ̀. Ẹni tó bá gba irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lẹ́bùn mọ̀ dájú pé ẹni tó fún òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nítorí òun, irú àfiyèsí yìí sì ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Ojú olè ni ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wo àwọn tó ń ṣa orin jọ wọ̀nyí. Ní ọdún 1981, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé gbígba orin sílẹ̀ nílé ń pa iṣẹ́ orin, wọ́n sì ya àwòrán kásẹ́ẹ̀tì tó rí bí agbárí òkú pẹ̀lú egungun méjì lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀sùn yìí kò tọ́ sí gbogbo wọn, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ń ṣa orin láti inú àwo tí wọ́n ti fi owó ara wọn rà. Ẹnu àwọn oníṣòwò gan-an kò kò: lọ́dún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ Island gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde tí àwo orin odidi wà lójú kan rẹ̀, tí ojú kejì sì ṣófo fún ẹni tó rà á. Ìwé ìròyìn NME náà ṣe àṣàjọ tirẹ̀ tó pè ní C81. Èyí tó ṣe lẹ́yìn ọdún 5, C86, tó ní ẹgbẹ́ olórin 22, lókìkí débi pé orúkọ rẹ̀ di orúkọ irú orin gìtá kan.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ olórin pe iléeṣẹ́ Amstrad lẹ́jọ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀ tó ní ihò kásẹ́ẹ̀tì méjì, èyí tó ń da ọ̀kan kọ sórí èkejì kíákíá. Ní ọdún 1988, Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Ọlọ́lá, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà, dá Amstrad láre pé ẹni tó ta ẹ̀rọ kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti rú òfin. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò sọ dída orin kọ fúnra rẹ̀ di ohun tó bófin mu. Ọdún 2014, nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni ìjọba tó gbà kí ènìyàn da orin tó rà kọ fún ìlò ara rẹ̀ nìkan, láìfún ẹlòmíràn. Kò sì pé ọdún kan tí ilé-ẹjọ́ fi wọ́gi lé òfin náà ní ọdún 2015.