Jíìnì S, Oko Iṣu àti Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Darwin

Bí àwọn kan bá ń sọ̀rọ̀ ẹfolúṣọ̀n, ṣe ni wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé àgbo méjì tí kì í jẹun pọ̀ ló wà níbẹ̀: àwọn ọmọlẹ́yìn Darwin, tí wọ́n ní ojú wọn kò tó ju jíìnì kọ̀ọ̀kan lọ, àti àwọn tó ń wo bí ohun gbogbo ṣe so kọ́ra, tí èyí ń ti ìyẹn, tí ìyẹn tún ń padà ti èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ tiwa níhìn-ín gan-an ni ẹ̀rí wà.

Ọmọ tó bá gba jíìnì S lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá (SS) ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, láyé àtijọ́ sì rèé, díẹ̀ nínú wọn ló ń dàgbà dé ẹni tó ń bímọ. Kí ló wá dé tí jíìnì náà kò fi run? Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í rí AS, ẹni tó gba jíìnì S lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, gbé ṣe tó AA, ẹni tí kò gbà á rárá. Ní 1958, Frank Livingstone tọ ọ̀rọ̀ náà wọ igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àlàyé tirẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ṣán igbó láti gbin iṣu, oòrùn rí ilẹ̀, omi òjò dúró sínú kòtò, ẹ̀fọn Anopheles gambiae, tí kì í yé ẹyin sábẹ́ ibòji, sì rí ibi yé e sí nítòsí ilé. Ibà gbilẹ̀, AS ń yè, jíìnì S ń pọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń pọ̀ ni AS ń fẹ́ AS, tí ọmọ SS ń wáyé, òun náà ló sì ń dá a dúró kó má baà gba ìlú. Ọkọ́, ẹ̀fọn, ibà, ìgbéyàwó: gbogbo wọn ló lọ́wọ́ sí i.

Bí èyí kì í bá ṣe wíwo odidi, kí ló kù? Síbẹ̀, ìṣirò tó ṣàlàyé ìdúró yẹn, Ronald Fisher, ọ̀kan lára àwọn ọmọlẹ́yìn Darwin, ló gbé e jáde ní 1922, ọdún 32 ṣáájú Allison. Fisher ọ̀hún kan náà tí wọ́n ń bú pé jíìnì nìkan ló rí!

Àríyànjiyàn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Ní 2014, ìwé àtìgbàdégbà Nature tẹ èrò ìhà méjì jáde. Kevin Laland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ka bí ohun alààyè ṣe ń tún àyíká rẹ̀ ṣe mọ́ ohun tó ń fa ẹfolúṣọ̀n. Gregory Wray àti àwọn tirẹ̀ ní iṣẹ́ yẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́, pé Darwin fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí ekòló. Ipò tó yẹ kó wà ni wọ́n ń jà sí. Kò sẹ́ni tó ní kò sí. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé wíwo odidi ti sọ Darwin dòfo, ẹ ní kó ṣàlàyé jíìnì S láìlo ìṣirò Fisher.