Ìwà Lẹwà: Ìtàn Fáànù Aláwọ̀ Mẹ́ta Inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀dọ́ Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgandò tó bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi ṣe géèmù kò ní ṣàì mọ ọ̀nà Computer Village ní Ìkẹjà. Níbẹ̀ ni fáànù processor tí ń tan iná pupa, iná ewé àti iná aró yóò ti máa wọ̀ ọ́ lójú. Kí ó tó náwó, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ìtàn atẹ́gùn, ọ̀tọ̀ ni ìtàn ìmọ́lẹ̀.

Ooru ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí Intel gbé 486 jáde ní 1989, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ láìní fáànù rárá. Pentium dé ní 1993, ó ń jẹ iná tó bí wáàtì 15, ni irin tí ń fa ooru àti fáànù kékeré bá di dandan. Lónìí, Core i9-14900K tó jáde ní 2023 lè jẹ tó wáàtì 253. Ọ̀pá bàbà oníhò ni ó ran atẹ́gùn lọ́wọ́. George Grover ló ṣe irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ní Los Alamos, ní Amẹ́ríkà, ní 1963. Omi díẹ̀ ni a máa ń fi sínú ti kọ̀ǹpútà. Ooru á sọ omi náà di oru, oru á lọ sí ibi tí fáànù ti ń fẹ́, á sì tún padà di omi.

Ìmọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ kò tètè pé. Nick Holonyak ṣe iná LED pupa ní 1962, ti ewé sì tẹ̀ lé e. Àwọ̀ aró, tí àwọn aláró wa ti ń rẹ aṣọ sí láti ayébáyé, ló gba àwọn onímọ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Akasaki, Amano àti Nakamura ló yanjú rẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2014. Ní 2018, AMD fi Wraith Prism, fáànù aláwọ̀ mẹ́ta, kún Ryzen 7 2700X.

Ṣùgbọ́n iná yìí kì í dín ooru kù. Bí yàrá ní Alímòṣọ́ bá móoru dé dígírì 33, atẹ́gùn kò lè mú processor tutù ju yàrá náà lọ. Eruku ọyẹ́ sì tún ń dí irin. Processor tó bá gbóná jù yóò dẹ ìrìn ara rẹ̀, owó tí a fi ra eré sísá rẹ̀ á sì ṣòfò.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo iye wáàtì tí fáànù lè kápá, bóyá ó bá motherboard yín mu, àti gíga rẹ̀: àwọn ńlá máa ń tó mìlímítà 155 sí 165, kì í ṣe gbogbo àpótí kọ̀ǹpútà ló gbà wọ́n. Ẹ wò ó bóyá ó rọrùn láti gbọn eruku rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wá béèrè àwọ̀. Àwọn àgbà ló sọ pé ìwà lẹwà. Ìtutù ni ìwà fáànù.