Ìtọpinpin Àrùn Màlúù ní Pápá: Bí Rinderpest Ṣe Kúrò ní Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Rinderpest, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Jámánì jẹ́ "àjàkálẹ̀ àrùn màlúù", jẹ́ àrùn tí fáírọ́ọ̀sì kan ń fà lára màlúù, ẹfọ̀n àti àwọn ẹran mìíràn tí pátákò wọn là sí méjì. Fáírọ́ọ̀sì náà bá èyí tí ń fa éèyí lára ọmọdé tan. Ara ẹran yóò gbóná, omi yóò máa ṣàn lójú àti nímú rẹ̀, egbò yóò bo ẹnu rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru yóò sì fa omi ara rẹ̀ gbẹ títí yóò fi kú. Nínú agbo tí kò mọ àrùn náà rí, ó lè pa màlúù mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ní ọdún 2011 ni àjọ tí ń rí sí ìlera ẹranko lágbàáyé àti àjọ FAO kéde pé ó ti kúrò láyé pátápátá. Yàtọ̀ sí ṣọ̀pọ̀nná, kò tíì sí àrùn mìíràn tí ọmọ ènìyàn ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ìṣẹ́gun yìí fún. Ìdajì ìtàn nìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni abẹ́rẹ́ tó dára ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, síbẹ̀ àrùn náà padà wá ní ogún ọdún lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìparun ńlá. Ohun tí kò tíì sí nígbà náà ni ọ̀nà láti mọ ibi tí àrùn sá pamọ́ sí. Iṣẹ́ ìmọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn láàárín ẹran ọ̀sìn nìyẹn, orí pápá ni a sì ti ń ṣe é.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ òpìtàn ṣe sọ, màlúù tí àwọn ọmọ ogun Ítálì kó gúnlẹ̀ sí Massawa, ní etí Òkun Pupa, ní 1887 ni ó kó àrùn náà wọ ilẹ̀ Etiópíà. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ti dé Gúúsù Áfíríkà. Ní ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn, ó gba Sùdáànì àti agbègbè Adágún Ṣáàdì kọjá, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní ní nǹkan bí 1890 sí 1891. Màlúù ni wàrà, owó ìgbéyàwó àti iyì Fúlàní. Àwọn tí agbo wọn parun di àgbẹ̀ tàbí aláàárù nínú ìlú, ó sì pẹ́ kí àwọn mìíràn tó tún ní ẹran tí wọn yóò dà.

Nígbà tí àrùn náà tún gbèrú ní Àríwá Nàìjíríà ní 1913 àti 1914, ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka ìṣègùn ẹran sílẹ̀. Ní 1924 ni wọ́n tẹ ibùdó kan dó sí Vom, lórí òkè pẹrẹsẹ Jos, láti máa ṣe omi-ara ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ti là á já, èyí tí a ń fi dáàbò bo àwọn mìíràn. Ibùdó yìí ni ó di Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ìṣègùn Ẹran ti Orílẹ̀-èdè lónìí. Omi-ara ẹ̀jẹ̀ yìí nìkan kì í pẹ́ lára. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gún ẹran ní ẹ̀jẹ̀ aláàrùn pọ̀ mọ́ ọn, kí ààbò rẹ̀ lè wà títí ayé. Ewu wà nínú èyí: ẹ̀jẹ̀ náà lè gbé kòkòrò mìíràn wọ ara ẹran. Darandaran tó kọ abẹ́rẹ́ nígbà náà kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Ìdí mìíràn tún wà tí wọ́n fi ń sá. Ìjọba ń gba owó orí lórí màlúù kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní jángálì. Ẹni tó bá wọ aṣọ ìjọba tó sì béèrè pé màlúù mélòó ni ó wà nínú agbo, agbowó-orí ni lójú onímàlúù, ìbáà gbé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè yẹn gan-an ni olùtọpinpin kò lè ṣe aláìbéèrè, nítorí láìmọ iye tó wà, kò lè mọ ohun tí iye tó kú túmọ̀ sí.

Ìbéèrè rẹ̀ kò pin síbẹ̀. Èwo ló kọ́kọ́ ṣubú, ọjọ́ wo sì ni? Fúlàní kì í fi oṣù òyìnbó dá a lóhùn. Yóò ní ó ku ọjà méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Olùtọpinpin yóò yí i padà sí ọjọ́. Nígbà tí ó ti mọ̀ pé láti ọjọ́ mẹ́ta sí bí ọ̀sẹ̀ méjì ni àrùn náà máa ń gbé lára kí ó tó hàn, yóò kà á padà sẹ́yìn: níbo ni agbo yìí ti mumi láàárín ìgbà náà, ta ni wọ́n jọ mu ún, ẹran wo ni wọ́n rà wọlé? Ọjọ́ orí àwọn tó ń kú tún ń sọ tirẹ̀. Màlúù tó bá la rinderpest já kì í ní in mọ́ láéláé. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin nìkan ló ń kú tí àwọn àgbà dúró digbí, ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti gba ibẹ̀ kọjá ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tàbí kí abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ti dé ibẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó bá ti mọ èyí ni yóò tó gba omi ojú àti kókó ọrùn ẹran fún ilé àyẹ̀wò.

Àléébù rinderpest gan-an ni ìmọ̀ yìí gùn lé. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í pẹ́ lórí ilẹ̀, ẹran tó yè kì í sì gbé e kiri. Láti ara ẹran dé ara ẹran tó sún mọ́ ọn ni ó ń lọ, bí iná tó ń gba orí koríko gbígbẹ. Níbi tí koríko bá tán, iná yóò kú.

Ní 1962 ni Walter Plowright àti R. D. Ferris gbé ìròyìn jáde lórí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe ní Muguga, ní Kẹ́ńyà, láti inú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọmọ màlúù. Ọdún yẹn kan náà ni ètò tí a mọ̀ sí JP15 bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Niger, Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù. Ọdún mẹ́ta léraléra ni wọ́n ń gún màlúù ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, nítorí ààbò tí ọmọ màlúù bá mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ràn án. Nígbà tí ètò náà parí ní 1976, ó ti kan orílẹ̀-èdè 22, àrùn náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì.

Ó kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì ni. Ó kù síbẹ̀ ní ibodè Málì àti Mòritáníà, àti ní gúúsù Sùdáànì pẹ̀lú Etiópíà, níbi tí ogun, ọ̀nà jíjìn àti àìsí yìnyín kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ dé. Àwọn ìjọba dáwọ́ ìṣọ́ dúró, owó tán, àwọn màlúù tí a kò gún sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ àwọn ọdún 1980 da àwọn agbo pọ̀ síbi omi kan náà, iná ràn. Ní Nàìjíríà nìkan, a ṣírò rẹ̀ pé bí ìdajì mílíọ̀nù màlúù ni ó kú ní nǹkan bí 1983. Àwọn tí ń jẹ ẹran ní Ìbàdàn àti Èkó mọ̀ ọ́n lára, nítorí láti Àríwá ni màlúù wọn ti ń wá.

Ètò PARC, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, kọ́kọ́ padà sórí abẹ́rẹ́ gbogboogbò. Àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó ń yí sí ìtọpinpin. Jeffrey Mariner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú abẹ́rẹ́ kan tí ooru kì í tètè bà jẹ́, tí a lè fi ẹsẹ̀ gbé lọ sí ibùdó darandaran. Láàárín àwọn Afar ní Etiópíà, àwọn darandaran fúnra wọn ni wọ́n kọ́ láti máa gún ẹran. Ìmọ̀ wọn ṣe ju èyí lọ: àwọn ni wọ́n ń júwe àrùn, tí wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ka iye tó kú, tí wọ́n ń ya ọ̀nà ìṣílọ wọn sórí ilẹ̀. Níbi tí ìwé ìjọba ti ní kò sí nǹkan, ẹnu wọn ni àwọn olùtọpinpin ti gbọ́ pé ó wà.

Iṣẹ́ tó le jù ni ó kẹ́yìn, ìyẹn fífi hàn pé àrùn náà kò sí mọ́. Màlúù tí a gún ní abẹ́rẹ́ àti èyí tí àrùn ti kọ lù rí, ààbò kan náà ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń fi hàn. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ìjọba dá abẹ́rẹ́ dúró, kí wọ́n dúró di ìgbà tí ọmọ tuntun bá pọ̀ nínú agbo, kí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá mọ́, àrùn kò gba ibẹ̀ kọjá. Ìpinnu tó gba ìgboyà ni fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù bí ìdajì mílíọ̀nù màlúù, nítorí bí àṣìṣe bá wà, koríko gbígbẹ ni wọ́n ń kó jọ. Nàìjíríà gbé ìgbésẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ ẹfọ̀n kan ní ọgbà ẹranko Meru ní Kẹ́ńyà, ní 2001, ni a ti rí rinderpest kẹ́yìn láyé.

Ìbátan rẹ̀ kan ṣì wà. Àrùn PPR, tí a kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 1942, ni àwọn olówò ewúrẹ́ ní Nàìjíríà mọ̀ sí "kátà". Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́rẹ́ rinderpest ni a ń fi dáàbò bo ewúrẹ́ àti àgùntàn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ṣeé ṣe mọ́ nígbà tí a fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹran jẹ́rìí pé rinderpest ti lọ. Àwọn onímọ̀ wá sọ fáírọ́ọ̀sì PPR fúnra rẹ̀ di aláìlágbára. Èyí tí wọ́n lò ni Nigeria 75/1, tí a rí lára ewúrẹ́ kan ní Nàìjíríà ní 1975, òun náà sì ni a ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè nínú ètò tó fẹ́ kí PPR kúrò láyé nígbà tó bá fi di 2030.