Alukoro Kì í Ṣe Ẹnu Ọ̀gá Nìkan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé alukoro kò ju ẹnu ọ̀gá rẹ̀ lọ: ọ̀gá sọ̀rọ̀, òun bu iyọ̀ sí i, ó gbé e fún oníròyìn, iṣẹ́ parí. Àṣìṣe ni, ó sì ní ibi tó ti wá. Ìtàn iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1944, nígbà tí ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ́fíìsì ìròyìn sí Ìbàdàn. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́. Kí aráàlú gbọ́ ti ìjọba ni wọ́n ń wá, kì í ṣe kí ìjọba gbọ́ ti aráàlú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí James Grunig àti Todd Hunt kọ ní 1984, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn alukoro ń gbà ṣiṣẹ́. Ìkéde lásán kò kọjá méjì àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n fi ṣe òkè ni èyí tí ilé iṣẹ́ àti aráàlú ti ń gbọ́ ara wọn, tí ilé iṣẹ́ náà sì lè yí ìpinnu rẹ̀ padà.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán nìyí, kó wo ìjọba ìbílẹ̀ Bassila, ní ìpínlẹ̀ Donga, lórílẹ̀-èdè Benin. Ní Manigri, Nàgó ni wọ́n ń sọ, etí ọmọ Yorùbá á sì tètè dá a mọ̀. Ní ìlú Bassila fúnra rẹ̀, Anii ni. Àwọn èdè orí òkè ilẹ̀ Ghana àti Togo ló bá tan. Kotokoli wà ní Alédjo, Fúlàní sì wà káàkiri pẹ̀lú màlúù wọn. Ìkànìyàn 2013 rí ènìyàn tó lé ní 130,000 ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà. Bí alukoro bá kọ ìwé Faransé tó dán mọ́nrán, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mérì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ta ló gbọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ iná ìgbẹ́. Òfin igbó Benin ti 1993 ka iná tí kò ní àbójútó léèwọ̀, ó sì fàyè gba èyí tí wọ́n ń dá ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí koríko tó gbẹ tán. Ẹ̀rù ń ba olóko kajú kí iná má jó igi rẹ̀. Darandaran ń retí koríko tútù tó ń hù lẹ́yìn iná. Ọdẹ fẹ́ kí igbó ṣí kó lè rí ẹran. Gbogbo wọn ló mọ ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró ju ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Iṣẹ́ alukoro ni láti gbọ́ ti kálukú ní èdè rẹ̀, kó sì padà lọ sọ fún olórí pé ọjọ́ tí wọ́n dá fún iná náà kò bá àsìkò mu. Apá yìí ló le jù, oníròyìn kankan kì í sì í rí i.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń pe alukoro ní aláríyá kiri. Alukoro tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù, tó ń lọ síbi ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ, tó ń kọ́ orin Anii bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàgó ni ìyá rẹ̀ ń sọ, ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní wá sọ ní mérì. Òfin ìròyìn Benin ti 2015 ní kí ìjọba ṣí orísun ìròyìn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ti bá alukoro jókòó níbi ìsìnkú ni ara rẹ̀ máa yá láti wá béèrè.