Odi Tí Wọ́n Tún Mọ ní Àró

Bí a bá dárúkọ Àró ní Abẹ́òkúta lóde òní, ilé ìwòsàn ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Kí ilé ìwòsàn náà tó dé, ẹnubodè kan ni ó sọ Àró di olókìkí. Ìtàn ẹnubodè náà ni mo mú wá fún yín lálẹ́ yìí.

Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ odi ìlú láyé àtijọ́. Inú yàrà tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìn odi ni wọ́n ti ń wa amọ̀ náà, tí wọ́n ń tò ó ní ìpele ìpele. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ odi tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Òjò yóò máa bó o lára, ewúrẹ́ yóò máa gùn ún, koríko àti pàǹtí yóò sì máa kún yàrà. Díẹ̀díẹ̀ ni, ojú kì í tètè rí i.

Ní ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Nígbà tí ó fi tó ogún ọdún, odi wọn ti rẹ̀ púpọ̀. Kí ló dé tí wọn kò tún un ṣe? Ní nǹkan bí ọdún 1844, wọ́n ti ká ogun Gezo, ọba Dàhómì, mọ́ ní tòsí Adó, wọ́n sì gba àga rẹ̀ àti agboòrùn rẹ̀. Ẹni tí ó ti gba agboòrùn lórí ọba, ṣé ó tún yẹ kí ó máa ru amọ̀ nínú oòrùn? Bí èmi náà bá wà níbẹ̀, bóyá ohun tí n bá sọ nìyẹn. Ẹ sì rántí pé Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Àpapọ̀ ìlú púpọ̀ ni, Aké, Kẹ́ńta, Ìkìjà, Ìtòkò àti àwọn yòókù, olúkúlùkù pẹ̀lú olóyè tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá jẹ́ ti gbogbo wa, ẹ̀yin náà mọ bí ó ti máa ń rí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1851, John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dé Abẹ́òkúta. Ó ti lọ sí ààfin Gezo ní ọdún 1850, nítorí náà kì í ṣe àgbọ́sọ ni ó ń sọ. Ó wo odi, kò dùn mọ́ ọn nínú, ó sì kìlọ̀ fún Ṣàgbùà àti àwọn olóyè pé ogun ń bọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń gbẹ́ yàrà, wọ́n ń mọ odi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun fi máa dé, apá Àró ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó ti dára. Apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ṣì jẹ́ àlàpà.

Ibí yìí ni àwọn ará Ìṣàgá ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ìlú kékeré ni Ìṣàgá, ó wà lójú ọ̀nà tí Gezo ń gbà bọ̀. Wọn kò lágbára láti bá a jà, wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ fún un. Wọ́n sọ fún un pé kí ó gba ẹnubodè Àró wọlé, pé ibẹ̀ ni odi kò ti lágbára, kí ó sì lọ ní ọ̀sán. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn ìbá jẹ́ ní ọdún kan ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ sí àwọn Ẹ̀gbá.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, ogun Dàhómì dé lọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò Ògùn ti fà, wọ́n sì là á kọjá. Àwọn jagunjagun obìnrin wọn kò bẹ̀rù ikú. Wọ́n bọ́ sínú yàrà, wọ́n fẹ́ gun odi. Àwọn díẹ̀ tilẹ̀ dé orí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Wọ́n jà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kí Dàhómì tó padà sẹ́yìn. Òkú tí wọ́n fi sílẹ̀ níwájú odi ju 1,000 lọ.

Àwọn kan a máa sọ pé oríire ni. Èmi kò ní jiyàn. Bí Gezo bá gba apá àríwá wá, ta ni ó mọ ohun tí à bá máa sọ lónìí? Ṣùgbọ́n ọgbọ́n Ìṣàgá kò lè ṣiṣẹ́ bí odi Àró kò bá tíì dìde.

Dàhómì kò gbàgbé ohun tí Ìṣàgá ṣe. Ní ọdún 1862, Glele ọmọ Gezo pa ìlú náà run. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1864, ó kọjú sí Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, ó sì pàdánù bíi ti bàbá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbọn àti ẹ̀tù ti wà nílẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúubú, oníṣòwò tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, ni ó ń kó wọn fún àwọn jagunjagun. Ní ọdún 1864 náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá.