Ojóbó Inú Krómósómù: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Tan Jíìnì

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ló ru jíìnì kan náà. Ohun tó ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ sọ́tọ̀ sí ti ọpọlọ ni pé jíìnì tó ń tàn nínú ọ̀kan lè wà ní pípa nínú èkejì. Jíìnì tó kọ́ àwọn onímọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ jù lórí títàn àti pípa yìí ni àwọn tó ń ṣe hẹmoglóbìn, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀.

Orí krómósómù kọkànlá ni díẹ̀ lára wọn tò sí. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, jíìnì gámà ló ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìbí, ara á máa pa gámà díẹ̀díẹ̀, á sì máa tan bétà. Àṣìṣe lẹ́tà DNA kan ṣoṣo nínú bétà ló ń fa àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ̀ bíi dòjé. Ní 1948, Janet Watson, dókítà kan ní New York, ṣàkíyèsí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, ó sì fura pé hẹmoglóbìn inú oyún ló ń dáàbò bò wọ́n. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ara ọmọ tó ní àrùn náà fi máa ń dá ṣáṣá ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti wà nílẹ̀: ṣé a lè tún jíìnì gámà tàn lẹ́yìn tí ara ti pa á?

Kí ẹnikẹ́ni tó lè dáhùn, ó di dandan láti mọ ohun tó ń tan jíìnì. Ní 1961, François Jacob àti Jacques Monod ní Paris ṣàlàyé pé ohun kan lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà jíìnì bakitéríà kí ó sì tì í pa. Àlàyé náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò kárí. Ní 1981, Walter Schaffner àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zürich rí ègé DNA fáírọ́ọ̀sì kan tó ń mú jíìnì ṣiṣẹ́ kíkankíkan, bó tilẹ̀ jìnnà sí i ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà. Báwo ni ohun tó wà lọ́nà jíjìn ṣe ń pàṣẹ?

Ọ̀dọ̀ bakitéríà náà ni ìdáhùn ti kọ́kọ́ yọjú. Ní 1984, Robert Schleif àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Brandeis, ní Amẹ́ríkà, ń yẹ ibi méjì tó ń darí jíìnì kan wò lórí DNA bakitéríà, tí lẹ́tà tó lé ní 200 wà láàárín wọn. DNA lọ́ bí okùn. Nígbà tí wọ́n fi lẹ́tà tó tó ìlàjì ìlọ́po kan kún àárín ibi méjèèjì, tí ọ̀kan fi bọ́ sí ẹ̀yìn okùn, ìdarí jíìnì náà dàrú. Nígbà tí wọ́n fi ìlọ́po kan gbáko kún un, ìdarí padà sípò. Kò sí bí èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ àfi bí ibi méjèèjì bá ń dì mọ́ra, tí DNA àárín wọn sì ká bí ojóbó. Ìdánwò tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì dáhùn ìbéèrè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Ti hẹmoglóbìn ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1983, ìròyìn jáde nípa aláìsàn kan ní Netherlands tí jíìnì bétà rẹ̀ wà láìlábùkù, síbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́. DNA tó já sọnù jìnnà sí jíìnì ọ̀hún. Ní 1987, Frank Grosveld àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé apá tó jìnnà yẹn ló ń darí gbogbo jíìnì inú ìtò náà. Ní 2002, Job Dekker, nínú ilé ìwádìí Nancy Kleckner ní Harvard, lo ìwúkàrà láti gbé ọgbọ́n tuntun kan kalẹ̀: kí a fi kẹ́míkà lẹ DNA tó bá fara kanra pọ̀, kí a gé e, kí a sì wo ègé tó so mọ́ èkejì. Lọ́dún kan náà, àwọn onímọ̀ ní Rotterdam dán an wò lára eku. Nínú ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, olùdarí náà fara kan jíìnì bétà. Nínú ọpọlọ, kò kàn án.

Ṣé ojóbó ló ń tan jíìnì, àbí títàn jíìnì ló ń bí ojóbó? Ní 2012, Gerd Blobel àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia so Ldb1, purotéènì tó máa ń di irú ara rẹ̀ mú, mọ́ purotéènì mìíràn tí wọ́n ṣe kí ó lè dá ẹnu ọ̀nà jíìnì bétà nìkan mọ̀. Ojóbó yọ, jíìnì tó wà ní pípa sì tàn. Ní 2014, wọ́n darí irinṣẹ́ irú rẹ̀ sí jíìnì gámà nínú sẹ́ẹ̀lì àgbàlagbà: gámà jí, bétà sì rẹlẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè 1948 ti dé, ṣùgbọ́n inú ilé ìwádìí ló wà.

Èyí tó dé ilé ìwòsàn gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2008, ẹgbẹ́ Stuart Orkin ní Boston fi hàn pé jíìnì mìíràn, BCL11A, ló ń pa gámà. Oògùn Casgevy, tí Britain fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2023, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ń fi irinṣẹ́ CRISPR gé ègé DNA tó ń tan BCL11A nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn aláìsàn, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á fi oògùn líle pa èyí tó kù lára rẹ̀, kí wọ́n tó dá a padà. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde jù lágbàáyé, kò sì sí ìdílé tálákà tó lè san irú owó bẹ́ẹ̀. Oògùn oníhóró hydroxyurea, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àrùn náà ní 1998, ló ṣì sún mọ́ wọn jù nínú ohun tó ń mú hẹmoglóbìn inú oyún pọ̀ sí i.